Ọjọ́ tí Bàámi Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Ara mi kì í balẹ̀. Ìyàwó mi ní bí mo bá tilẹ̀ ń jẹun, ẹsẹ̀ mi kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò purọ́. Àwa òṣèré, ta ni ara rẹ̀ ń balẹ̀ nínú wa? Lónìí, ìpè á wọlé pé ìwọ ni á ṣe bàálé ilé nínú fíìmù kan. Ó di oṣù mẹ́ta, o ò gbúròó ẹnikẹ́ni mọ́.

Inú iṣẹ́ yìí ni wọ́n bí mi sí. Bàámi ti ń ṣeré orí ìtàgé kí n tó dáyé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n ti máa ń ṣe é, láti Abẹ́òkúta títí dé Ewékorò àti Ọ̀fàdà, ohùn wọn á sì dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá láìsí ẹ̀rọ. Nígbà tí fíìmù dé, àwọn tó ń yà á ní bàámi ń pariwo jù. Ẹni tó ń ṣe ọba tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń ṣí géètì, tí á ní "Ẹ káàbọ̀, sà", tí iṣẹ́ ti parí. Ó dùn mí wọra. Bàámi ò ráhùn rí.

Lọ́dún tó kọjá, olùdarí eré kan pè mí pé kí n wá ṣe ọba nínú fíìmù tó ń yà ní abúlé kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ipa ńlá àkọ́kọ́ tí mo máa rí gbà láyé mi nìyẹn. Mo débẹ̀, mo wọ agbádá, mo dé adé, mo jókòó. Ta ni mo rí tó jẹ́ ìjòyè tó fẹ́ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọba? Bàámi! Bàámi mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èmi ni ọba, wọn ò kàn sọ fún mi ni.

Bàámi wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí n tó ṣẹ́jú, èmi náà ti wà nílẹ̀, adé ti yí lọ sábẹ́ àga. Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. A tún un ṣe, mo tún fò dìde. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rántí ara mi. Ẹ gbà mí o! Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni bàbá rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún, tí á sì jókòó?

Olùdarí gbaná jẹ. Ó ní oòrùn ń lọ, pé bí mi ò bá lè jókòó, òun á wá ẹlòmíì tí á jókòó.

Bàámi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́yà ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ara mi ni ò gbà á."

"Ara kí ni? Ìjòyè tó ṣẹ ọba ló wà nílẹ̀ yẹn, kì í ṣe bàbá rẹ. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe, ìwọ ń bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, o ò gbọdọ̀ dìde. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

A tún bẹ̀rẹ̀. Bàámi dọ̀bálẹ̀. Mo di àga mú gírígírí. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ kan tọrọ àforíjì, ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Ó wá ku kí wọ́n dìde. Orúnkún kọ̀. Wọ́n fọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n ṣubú padà. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe eré mọ́. Mo fẹ́ dìde. Bàámi gbójú sókè, wọ́n rọra mi orí fún mi pé rárá. Mo jókòó. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ. Bàámi di ẹsẹ̀ àga tí mo jókòó lé mú, wọ́n fi ń fa ara wọn sókè díẹ̀díẹ̀, èmi ọmọ wọn sì ń wò wọ́n.

"Ó ti tó!" ni olùdarí kígbe. Ni gbogbo wọn bá ń pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní ojú mi le bí ojú ọba gidi. Bàámi ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, mo ń sunkún.

"Dìde, jàre," ni bàámi wí. "Ìwọ ṣì lórúnkún."