Fótò Tútù

Èmi ni mo kánjú. Ọ̀gá mi, tí wọ́n ń fọ fótò aláwọ̀ nínú yàrá òkùnkùn ilé wọn l'Óṣogbo, máa ń sọ pé, "Fótò tútù, irọ́ ló ń pa." Tó bá gbẹ tán, wọ́n á gbé ọwọ́ ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi àwọ̀ wé àwọ̀: "Ṣé èèyàn nìyí, àbí tàtàṣé?"

Lọ́jọ́ tí wọn ò sí nílé, mo fọ fótò ọmọ tó ti kú fún ìyá rẹ̀ tó wá láti Ìwàrà. Ní tútù, ó dáa lójú mi, mo sì gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀. Bó ṣe gbẹ lọ́wọ́ ìyá náà, ojú ọmọ pọ́n bí epo.

"Ọmọ tèmi dúdú," ni wọ́n sọ. Wọ́n fi gèlè wé e, wọ́n lọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá mi, wọ́n kàn wo ọwọ́ wọn. Ọ̀gá mi náà ti kú báyìí. Fíìmù tí mo ti fọ fótò ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Gbèsè àwọ̀ ọmọ náà ni mo ṣì jẹ ìyá rẹ̀.