Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì àti Àwọn Òkúta Sàréè

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń fọ òkúta sàréè nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Ní gbogbo Sátidé, á gbé garawa omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, á sì máa kí òkú kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fọ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀, ìyẹn bàbá ìyá mi, ló ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Òun ni wọ́n sin síbẹ̀ gbẹ̀yìn, sàréè kejì sí géètì.

Nígbà tí ilé alájà mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn ògiri wó, eruku bo gbogbo ọgbà. Àwọn adóòlà ẹ̀mí hú òkúta nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó farapa lè ráyè kọjá. Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì kò bá wọn jà. Òun gan-an bá wọn hú ti bàbá rẹ̀. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn òkúta kọ̀ọ̀kan, pé tó bá yá, kálukú á padà sí àyè rẹ̀.

Ibi tí inú ti ń bí mi títí dòní rèé. Alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe ọgbà náà gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan tó fi ẹ̀rọ fọ òkúta tẹ̀yìn tiwájú. Ṣọ́ọ̀kì bómi lọ. Agbaṣẹ́ṣe náà wá to àwọn òkúta bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ya fọ́tò, kúkurú níwájú, gíga lẹ́yìn! Kò bi ẹnì kankan léèrè. Ṣé ojú wọn fọ́ ni?

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì lọ bá alága ní ọ́fíìsì. Kò tiẹ̀ ní kó jókòó.

"Ìyá, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀túnla la máa ṣí ọgbà. Ṣé òkú máa ń bínú ni?"

"Ọmọ wọn máa ń bínú, sà."

Ó délé, kò lè jẹun. Ó ní tí òun bá kú, kò ní sẹ́ni tó máa mọ ibi tí bàbá àwọn wà mọ́.

Sátidé lọjọ́ náà bọ́ sí. Alága wọ kóòtù, ó gbé òdòdó síwájú òkúta bàbá bàbá rẹ̀, èyí tó ga jù, ní ìparí ọgbà. Ó ń bá àwọn èèyàn tó pé jọ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí garawa dún ní géètì. Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó fọ òkúta kìn-ín-ní, ó pe orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára òkúta. Ó dé ìkejì, níbi tí wọ́n gbé òkúta obìnrin kan lé.

"Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Wọ́n ti sọ yín di ìyàwó oníbúrẹ́dì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń lọ láti sàréè dé sàréè nìyẹn. Àwọn èèyàn fi alága sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e, kálukú ń bèèrè èèyàn tirẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ alága, ó kọjá láìfọ nǹkan kan.

"Ìyá, ẹ ò fọ ti bàbá bàbá wa?"

"Kò sẹ́ni níbẹ̀, sà. Ààtàn wa ni. Ibẹ̀ la máa ń da òdòdó gbígbẹ sí."

Alága wo òdòdó tó gbé sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Agbaṣẹ́ṣe dà? Ẹ gbé ṣọ́bìrì wá! Ẹ hú èyí kíákíá!"

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dé.

"Ẹ ní sùúrù, sà. Ẹnu géètì la ti máa ń bẹ̀rẹ̀."