Ìpara Tí Ìyàwó Mi Fi Ránṣẹ́

Òórùn eruku ọyẹ́ àti èéfín igi ni mo fi ń rántí yàrá méjì tí a háyà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́dún tí ìyàwó mi lọ sí ìlú òyìnbó lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ wa obìnrin kò tí ì pé ọdún méjì. Ìyàwó onílé ló ń bá mi mójú tó o títí màá fi ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di èmi àti ọmọ. Ilé a dákẹ́ débi pé ìró ṣíbí nínú ife tíì mi a máa dà bí ariwo.

Ọyẹ́ ọdún náà mú. Ara ọmọ gbẹ, ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sán, ó sì ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Mo ra ìpara ọmọdé tó ń ta sánsán jù lọ, mò ń fi pa á láràárọ̀, ńṣe ló ń burú sí i. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi rí i lórí fóònù, ńṣe ló gbé fóònù kúrò lójú ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹkún ló ń sun. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ nǹkan, tó jẹ́ kó bàjẹ́.

Ní Sátidé, mo gbé ọmọ lọ bá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ní kí n máa fi òrí pa á. Mo ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni, ni wọ́n bá mú wa lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń lọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ wò, ó gba ìpara náà lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú.

“Ẹ ti ka ẹ̀yìn rẹ̀ yìí rí, sà?”

Mo ní rárá. Ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, ó ní lọ́fínńdà nìyẹn, ó jọ pé òun ló ń ta ọmọ lára. Ó ṣàlàyé pé gílísárìn a máa fa omi mọ́ àwọ̀, òrí ní tirẹ̀ a máa bò ó kí omi náà má baà gbẹ lọ. Ó ní ara ọmọ gbọ́dọ̀ ṣì tutù láti ibi ìwẹ̀ kí n tó pa á, àti pé ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ lẹ́yìn ike ló máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyá mi kò sọ pé òun ṣáà ti wí. Wọ́n kàn bu òrí fún mi nígbà tí a délé.

Láti ìgbà náà, mo di ẹni tó ń dúró nínú ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́yọ̀ọ́, tó ń ka ẹ̀yìn ike kan tẹ̀ lé òmíràn. Obìnrin tó ń tajà bi mí bóyá mo fẹ́ bóra ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún ọ, kíkà yẹn tù mí lára ju ilé tí mò ń padà sí lọ.

Kò pẹ́ tí ara ọmọ fi dán. Àsìkò náà gan-an ni ẹnì kan ti òkè òkun dé, tó mú ìpara olówó gọbọi wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Mo ka ẹ̀yìn rẹ̀. Gílísárìn wà lókè, ó dára. Lọ́fínńdà sì wà nísàlẹ̀.

“Ṣé ẹ ti ń lò ó?” ni ìyàwó mi bi mí lórí fóònù.

“A ti ń lò ó,” ni mo wí.

Ẹsẹ̀ ara mi ni mo ń fi pa, kó má baà kan ọmọ, títí ó fi tán. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ òótọ́ fún un? Ìyá àwọn ẹlòmíràn ló ń fi ìpara pa láràárọ̀ lọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ọmọ tirẹ̀.

Ó ti padà dé báyìí, ọmọ ti wọ ilé ìwé. Ọdún yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ènìyàn méjì tó fẹ́ràn ara wọn lè máa dá wà, kí kálukú máa gbé ẹkún tirẹ̀ mì kó má baà pa èkejì lẹ́kún. Mi ò tí ì sọ ọ̀rọ̀ ìpara náà fún un. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.