Ilé Bàbá Ọmọ Mi

Èédú ló lé wa kúrò ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọmọbìnrin mi, tí kò tíì tó ilé ìwé í lọ, fi èédú ya ewúrẹ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà. Ìyàwó onílé rí i, ó ní, "Ṣé ilé bàbá ẹ nibí ni?" Ta ni wọn ò tíì sọ ọ́ fún rí l'Ékòó? Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò mọ̀ pé èébú ni. Nígbà tí mo ń fún un lóúnjẹ, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ilé dádì mi dà?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń sọ̀rọ̀ ilé, tí mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ní ká máa wá a lọ.

Sùúrùlérè kọjá agbára wa. Yábàá, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, a ò tilẹ̀ béèrè. Ní Muṣin, ilé kan ṣoṣo tí agbára wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ká, àwọn ọmọ olóògbé tó ni ín ń jà lé e lórí. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà nìyẹn. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, a ó wọ bàtà róbà nítorí ẹrẹ̀, a ó tẹ̀lé éjẹ́ǹtì tó ń bá wa wá ilé.

"Kò jìnnà, Àǹtí," ni ó máa ń wí. "Ẹ wo bí a ṣe tètè dé."

A tètè dé lóòótọ́, nítorí gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà náà lọ síbi iṣẹ́ ló wà nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èèyàn dáadáa ni éjẹ́ǹtì yẹn, àmọ́ n kò rí i kó mú ẹnikẹ́ni wo ilé ní Mọ́ńdè.

Lẹ́yìn Ìkòròdú la ti rí tiwa: yàrá mẹ́ta, kànga, àti ògiri tí wọn kò tíì kùn. Mo fọwọ́ ra ògiri náà, inú mi dùn. Obìnrin kan ń sá aṣọ nílé kejì. Mo kí i, mo bi í pé ìgbà wo ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ kọ́kọ́ ra ilé ná."

A jọ rẹ́rìn-ín, a sì rà á.

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, oòrùn kì í tíì wọ̀ tí mo fi ń délé. Bí ọmọ mi bá ti gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, á sáré jáde, á kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ mi, tó ń bá wa gbé, ṣe kọ́ ọ, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì," á sì gba àpò mi, bí àpò náà tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, ìgbà yẹn gan-an ni mo tó délé.

Ní ilé tuntun, òkùnkùn ni mo ń bá jáde, òkùnkùn ni mo ń bá wọlé. Ọmọ á ti sùn ti ìyá ọkọ mi, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú fún èédú. Kí n tó jẹun, mo máa ń gbé àtùpà wo ara ògiri, kí n lè mọ ohun tó rí lójúmọ́ náà. Ewúrẹ́, kànga, adìyẹ aládùúgbò. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, nínú ilé kan náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi aṣọ bo ọmọ mi kí n tó lọ. Ó lajú, ó rí mi tèmi ti àpò léjìká. Ó dìde tòògbé-tòògbé, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì."

Ìyá ọkọ mi fẹ́ sọ fún un pé mò ń lọ ni. Mo ṣẹ́jú sí wọn.

"Òo, ọmọ mi," mo ní. "Mo ti dé."

Ó na ọwọ́, mo sì fi àpò lé e lọ́wọ́. Mo jókòó tì í títí oorun fi tún gbé e lọ, mo rọra yọ àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ síbi iṣẹ́.