Ẹ̀kọ́ Ọjọ́rú Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Adjamé, nílùú Abidjan, òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Àgádágodo ni bàbá mi ń tà, àti ìṣó, àti irin ìlẹ̀kùn. Ọ̀rinrin tó ń ti ọ̀sà wá máa ń mú kí irin tètè dípẹtà nílùú yìí. Nítorí náà, iṣẹ́ àwa ọmọ ni kí a fi àkísà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì nu àgádágodo kọ̀ọ̀kan kí a tó lọ síléèwé, kí a ṣí i, kí a pa á dé, kí a tún ṣí i, ká lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí a bá wá jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tí ìyá mi dín, bó ti wù kí a fọ ọwọ́ tó, kẹrosíìnì náà la máa kọ́kọ́ tọ́ wò. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní àdúgbò ọjà yẹn, ẹ ó rántí irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀: ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú bọ́ọ̀sì gbaka, èéfín ọkọ̀, ẹrẹ̀ pupa, àti àwọn obìnrin tó ń ru àtíẹ́kẹ́ kọjá nínú abọ́ ńlá, tí ooru gbágùúdá tí wọ́n sè náà ń yọ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá àti ìyá mi. Àwa ọmọ, Abidjan ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Yorùbá là ń sọ nínú ilé. Bí a bá jí, èmi a kúnlẹ̀ kí àwọn òbí wa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi gbogbo. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé iléèwé, mo lọ síwájú olùkọ́ wa, mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, mo sì kí i ní èdè Faransé bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ́ mi. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Níléèwé wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń ní kó kúnlẹ̀, kó kojú sí ògiri, kó sì gbé apá sókè. Olùkọ́ náà bi mí pé kí ni mo ṣe. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Anango, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níhìn-ín. Bí a bá jáde lọ ṣeré, ọ̀kan nínú wọn á wá kúnlẹ̀ níwájú mi, á ní, "Anango, kí lo tún jí?"

Ìjìyà mìíràn wà fún èdè. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ pé ó sọ èdè ilé rẹ̀, wọ́n á gbé igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi okùn sí kọ́ ọ lọ́rùn, á sì máa gbé e kiri títí á fi ká ẹlòmíì mọ́ ibi tó ti ń sọ tirẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe di amí ara wa nìyẹn. Bí a bá ń fo rọ́bà tí mo sì ṣubú, orúnkún tó bó kọ́ ni mo máa ń bẹ̀rù, bí kò ṣe kí n má lọ pe ìyá mi ní Yorùbá.

Síbẹ̀, mo fara mọ́ ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni ti ọjọ́ tí olùkọ́ ṣí ìwé síbi tí wọ́n kọ nípa àwọn ẹ̀yà orílẹ̀-èdè yìí. Bó bá pe orúkọ ẹ̀yà kan, àwọn ọmọ ẹ̀yà náà á dìde, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn Baulé dìde, àwọn Bété dìde, àwọn Sénufò àti Jùlá dìde. Mo ti sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì, mo ti fa ṣòkòtò abẹ́ aṣọ mi sókè, mo ti múra. Ó pa ìwé dé. Èmi àti Ìsíákà, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Burkina, nìkan la ṣì jókòó. Ìsíákà nawọ́, ó béèrè tiwa. Olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohùn rẹ̀ rọ̀ nígbà tó dáhùn pé, "Ẹ̀yin, àlejò ni yín. Ẹ kò sí nínú ìwé."

Ẹni tí mo sunkún lọ bá ni Bùrọ̀dá Làmídì, ọmọ aládùúgbò wa tó ń ka ìtàn ní yunifásítì. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà sọ fún òun bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ó sì gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ bàbá mi pé kó yá òun ní yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí kì í sí iléèwé. Bàbá mi ronú pẹ́ kó tó gbà. Ó ní kí wọ́n má pariwo.

Orí àpótí ìṣó la máa ń jókòó sí, èmi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò, àti Ìsíákà, tó ti ń gbọ́ Yorùbá bíi tiwa. Bùrọ̀dá Làmídì kọ́ wa láti máa ka Yorùbá, ó sì kọ́ wa ní ọ̀nà tí àwọn bàbá wa gbà wá, ìlú tí wọ́n sùn sí, àti bí wọ́n ṣe pàtẹ ọjà nígbà tí ibẹ̀ ò tíì ní òrùlé. Á ní kí kálukú lọ bi àgbà kan nílé ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kó sì wá sọ ìdáhùn rẹ̀ fún wa. Ìsíákà sọ bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe gé igbó láti gbin kòkó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bùrọ̀dá Làmídì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń béèrè ní yunifásítì pé kí wọ́n máa kọ́ni ní ìtàn àwọn tó ti ìta wá. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ dá wọn lóhùn pé àsìkò kò tíì tó. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Àánú kọ́ là ń tọrọ. Àwọn bàbá yín wà lára àwọn tó kọ́ ìlú yìí. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá mi á yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Làmídì, àárín ọjà la wà. Rọra."

Nígbà tó yá, àsìkò ìdìbò dé, ìlú yí padà. Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni àjèjì, gba orí rédíò kan. Wọ́n ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà béèrè ìwé ìdánimọ̀, wọ́n sì ń fa ti ẹlòmíì ya lójú rẹ̀. Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá ẹrù náà wọlé. Àwọn ọkùnrin ni, ọ̀kan nínú wọn mú igi lọ́wọ́, wọ́n sì ń béèrè ohun tí àwọn àjèjì ń fara pamọ́ kọ́. Kí Bùrọ̀dá Làmídì tó lanu, a ti ṣe ohun tí ilé kọ́ wa bí àgbà bá wọlé. Àwa ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a sì kí wọn ní Yorùbá ní ohùn rara. Ẹ̀rù ò tíì bà wá nígbà náà. A kàn ń kí wọn ni.

Àwọn ọkùnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó mú igi yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ ò rí i? Awo ni. Ó ti ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa forí balẹ̀." Bùrọ̀dá Làmídì ń fi Faransé ṣàlàyé pé ìkíni lásán ni. Àwa rò pé bóyá a ò kí wọn tó, la bá tún wólẹ̀ sí i. Wọ́n fi kọ́là aṣọ mú un jáde lójú wa.

Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ wú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ. Kò padà sí yunifásítì mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbà lọ, a ò sì gbúròó rẹ̀ títí dòní. Bàbá mi mú àgádágodo tó tóbi jù nínú ọjà rẹ̀, ó fi ti yàrá náà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, a ò mọ nǹkan kan, a ò sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ènìyàn níta mọ́.

Koumassi Remblais, àdúgbò mìíràn ní Abidjan, ni mò ń gbé báyìí, mo sì ní ọmọbìnrin kan ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Nàfísátù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Faransé ló fi ń dá mi lóhùn. Lọ́dún yìí, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn tó ti ìta wá gbé ìlú yìí, ohun tí Bùrọ̀dá Làmídì béèrè gan-an. Kálukú yóò gba ohùn àgbà kan nílé rẹ̀ sórí fóònù, wọn yóò sì gbọ́ ọ ní kíláàsì. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ni àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, kí ni orúkọ bàbá wọn, ta ni yóò tọ́jú ohùn náà, ibo ni yóò wà bí àsìkò ìdìbò bá tún dé.

Ó gbé fóònù sórí tábìlì. Mo sọ nípa oúnjẹ, mo sọ nípa eré wa, ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi Yorùbá bi mí, ó ń wá ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Màmá, ta ló kọ́ yín ní ìtàn wa?"

Mo ní bàbá mi ni.

Ó mọ̀ pé bàbá mi kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó pa fóònù, ó ní kò burú, ohun tí òun ti gbà yẹn náà ni òun yóò mú lọ. Ó sì mú un lọ. Olùkọ́ wọn ní ó dùn ún gbọ́.

Nígbà tiwa, ẹni tó fẹ́ sọ ìtàn náà wà, àwa tí a fẹ́ gbọ́ ọ wà, ibi tí a ó jókòó sí ni kò sí. Lónìí, wọ́n fún àwọn ọmọ wa ní yàrá tó ní àga àti fáànù, olùkọ́ tí wọ́n ń san owó fún ló sì ń béèrè, tó ń dúró de ìdáhùn. Mo ti kọ gbogbo ìdáhùn náà síbí, fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Nàfísátù kò lè kà á.