Ọkọ̀ Tó Gbé Òkú Bàbá Sàfúrà Wálé

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá ọkọ̀ yẹn jáde ni mo mọ̀ pé wọ́n ti parọ́ fún mi, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n.

Òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ni mí nínú ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Moniya. Èmi ni mo máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí mo máa ń di egungun tó kán, kí a tó gbé aláìsàn dé ọsibítù. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa nígbà náà. Àdéhùn ni pé agbábọ́ọ̀lù kan yóò máa bá wa dé abúlé, kí àwọn ènìyàn má ṣe máa pe áńbúláǹsì ní ọkọ̀ òkú mọ́. Ọ̀gá wa sọ pé ọkọ̀ tuntun ni àwọn rà fún iṣẹ́ náà. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti funfun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè ìwé rẹ̀. Wọn ò fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà. Wọ́n pè wá láti abúlé kan: àdá ti ge obìnrin kan nítan lóko. Èmi, dírẹ́bà, àti Rẹ̀mí, kípà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà, la lọ. Bí a ṣe wọ agboolé, kò sẹ́ni tó sáré pàdé wa. Ńṣe ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo. Adìẹ pàápàá ò ké. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló dúró, ó káwọ́ lérí, ó ń wo ọkọ̀ wa bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀.

"Ẹ gbé mọ́tò yín kúrò níbí. Sàfúrà ọmọ mi ò tíì kú."

Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ aláìsàn ni. Tuntun ni."

"Tuntun ní ilé ta ni? Òun ló gbé òkú bàbá rẹ̀ wálé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣeé tì lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fi okùn so ó. Lọ wò ó!"

Mo lọ wò ó. Okùn náà wà níbẹ̀, wọ́n kun ọ̀dà lé e lórí.

Nínú yàrá, mo fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ Sàfúrà, ṣùgbọ́n ó jìn, ó ń fẹ́ rírán, obìnrin náà kò sì lè jókòó lórí ọ̀kadà dé ọsibítù. Ó ń mi orí: òun ò wọ ọkọ̀ yẹn. Ètè rẹ̀ ti ń funfun.

Rẹ̀mí jáde. Ó gun ọkọ̀, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kígbe pé, "Màmá, ẹ wá wò mí! Alààyè ló dùbúlẹ̀ yìí. Ẹ fọwọ́ kàn mí!"

Ìyá nawọ́. "Ó tutù."

"Bàtà mi lẹ dì mú, Màmá!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé Sàfúrà jáde. Ó ní òun ò dá sùn níbẹ̀, Rẹ̀mí bá sún fún un, ó dì í mọ́ra, èmi tẹ ọgbẹ́. Lójú ọ̀nà, a ń sáré, nǹkan kan sì ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta, jẹ́jẹ́.

Wọ́n rán ọgbẹ́ náà ní ọsibítù. Ó yè.

Mo kọ ojú ewé mẹ́rin nípa ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Èsì rẹ̀ ni pé, "Ṣebí kò kú?"

Ọkọ̀ náà la ṣì ń lò. Kí aláìsàn kankan tó wọ inú rẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ará ilé. N kì í di ojú.