Bàálù Tó Ń Bẹ̀rù Òkè

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Bùọ̀dá Délé, ẹnjinníà àdúgbò wa l'Adó, dé fìlà awakọ̀ òfurufú, tó sì fi bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn gbé mi lórí omi tí wọ́n sé sí dáàmù. A gbéra, ṣùgbọ́n a kò ga ju àgbàlagbà kan lọ. Lójijì, bèbè omi yọ níwájú.

Mo kígbe: "Bùọ̀dá, ẹ gbé e sókè!"

"Kò lè gòkè bíi bàálù gidi! Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ rẹ̀ àti omi ló gbé wa dúró!"

A fò ré bèbè náà, oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbà wá sílẹ̀. Ìyá Bùọ̀dá Délé sáré dé: "Délé, nínú ilẹ̀ olókè yìí, bàálù tó ń bẹ̀rù òkè lo rí kàn?"

Kò sẹ́ni tó fara pa. Fìlà bùọ̀dá nìkan ló fò gòkè lọ́jọ́ náà. Orí ọ̀pẹ ló bà lé.